Ilé Kẹtàdínlógún

Ní Ògòtún, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn.
Ìyá Adúnbárìn wò ó títí, ó ní,
"Ṣé orúkọ mi tuntun nìyẹn?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ mi kò rẹ́rìn-ín.

Kí ni ẹ fi ṣe ilẹ̀ ilé yín?
Ṣé amọ̀ ni, àbí pákó, àbí sìmẹ́ǹtì, àbí táìsì?
Ó ní, "Sìmẹ́ǹtì tí ọmọ mi rà dé yàrá kan, ó tán.
Ẹní ni mo fi bo ìyókù."
Ẹní tí òun fúnra rẹ̀ hun,
tí ìlà pupa inú rẹ̀ ń sá, tó ń fara pamọ́,
tó tún ń yọjú létí ògiri bí ọmọ tó jẹ gbèsè ẹ̀fẹ̀.
Mo wá ẹní títí nínú àwọn ìdáhùn. Kò sí.
Mo tẹ sìmẹ́ǹtì.

Ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣu ní uṣu,
èmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, sí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ ní fìríìjì?
"Mo ní i." Ó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀.
Gàrí ló wà nínú rẹ̀, àti ìwé ilẹ̀,
àti ìró àrán tí yóò ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó Adúnbárìn.
"Iná ti lọ láti ìgbà ìkórè kòkó èṣí,
ṣùgbọ́n eku kò lè ṣí i."
Ẹ̀rọ kò bi mí ní ọ̀rọ̀ eku.
Ó kọ ní, ó sì gbé obìnrin náà gun àkàsọ̀ ọlọ́rọ̀
lójú mi, láìdìde lórí àpótí.

Ní ilé kejìdínlógún, Bàbá Fámúrewá:
ilẹ̀ amọ̀, kò sí fìríìjì, ṣáláńgá ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lò.
Oko kòkó rẹ̀ ńkọ́? "A kì í ka ilẹ̀ ẹni fún àlejò."
Ẹ̀rọ jù ú sí ìsàlẹ̀ pátápátá.
Ó rán ọmọ kó lọ ra mínírà tútù fún mi.

Mo ti kọjá ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ.
Nílé kẹtàdínlógún, mo kán oògùn sórí iyọ̀ rẹ̀,
ó di àwọ̀ àlùkò. Mo ní, "Iyọ̀ yín dára."
Ó ní, "A dúpẹ́, nǹkan kan dára."
Mo wá bi í bóyá ó bí ọmọ kan rí tí kò sí mọ́.
Ó ní, "Kọ méjì."
Ewúrẹ́ kan kọjá. Ó ní, "Kọ mẹ́ta.
Ẹ̀kẹta kò dúró de orúkọ."

Èdè wa ní ìṣẹ́, ó ní òṣì,
ó ní àìní, ó ní ìráre,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà wọlé.
Ẹ̀rọ ní ipele márùn-ún.

Lálẹ́, mo bi ara mi ní ìbéèrè kan náà.
Ilẹ̀: táìsì, ti onílé mi ní Adó.
Àkáǹtì: bẹ́ẹ̀ ni. Kò béèrè ohun tó kù níbẹ̀.
Owó oṣù mẹ́ta wa kò tíì jáde,
owó ọkọ̀ tó gbé mi dé ìhín, mo yá a ni.
Ẹ̀rọ kà, ó kà, ó gbé mi sí ipele karùn-ún
láàárín àwọn olówó.
Mo kí wọn. Ebi ń pa mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò ti fọ ṣọ́ọ̀kì ara ilẹ̀kùn.
Mo ní kí n tún un kọ.
Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ mí mọ ulé mi."
Mo ti ṣọ́ọ̀kì bọ àpò.
Ilé kọkàndínlógún ṣì kù, ajá wọn sì ti ń gbó.